Àwọn Ayàwòrán Ilé ní Èkó, àti Iṣẹ́ tí Ọ̀gá fi Lé Ọmọ Lọ́wọ́

Ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́ Bíbélì àti fún àwọn olùkọ́. Àwọn ibi tí a óò kà: Ẹ́kísódù 35:30-35, Kíróníkà Kinní 28:11-19, Diutarónómì 22:8, Lúùkù 14:28-30.

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, a fẹ́ kí ẹ̀yin olùkàwé wa bá wa wo iṣẹ́ kan tí gbogbo wa ń jẹ èrè rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rántí àwọn tí ń ṣe é. Iṣẹ́ náà ni ti àwọn ayàwòrán ilé. Bíríkìlà ni a máa ń rí lórí àkàbà. Káfíńtà ni a máa ń gbọ́ ìró òòlù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó fi ọwọ́ kan iṣẹ́, ó yẹ kí ẹnìkan ti wo ilẹ̀, kí ó ti wọ̀n ọ́n, kí ó ti rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, kí ó sì ti fa ilé náà sórí ìwé, láti ìpìlẹ̀ títí dé òrùlé.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú àwa tí a wà ní Ìwáyà àti ní agbègbè rẹ̀ kò jìnnà. Ilẹ̀ wa sún mọ́ ọ̀sà, Mákòkó sì ni aládùúgbò wa. Ilé ń pọ̀ sí i ní ọdọọdún. Ẹbí tí ó ní ilé alájà kan ń fẹ́ kí ó di alájà mẹ́ta. Ìjọ tí ilé ìsìn rẹ̀ kò gba àwọn ènìyàn mọ́ ń fẹ́ fẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé bá sì jókòó láti ṣírò owó, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó dìde kí ó sọ pé kí a yọ owó ayàwòrán kúrò, nítorí pé bíríkìlà mọ iṣẹ́ náà tán. Ẹ jẹ́ kí a wádìí bóyá òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Kí a sì wádìí pẹ̀lú, bí iṣẹ́ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa, àti ohun tí ó ń mú kí ó pẹ́ ní ìlú kan, tí ó sì ń mú kí ó parẹ́ ní òmíràn.

I. Ohun tí Ìwé Mímọ́ fi hàn

Ní Kíróníkà Kinní orí 28, a kà bí Dáfídì, ẹni tí Ọlọ́run kò jẹ́ kí ó kọ́ tẹ́ḿpìlì fúnra rẹ̀, ti fi àpẹẹrẹ ilé náà lé Sólómọ́nì ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́: ti ìloro, ti ilé ìṣúra, ti yàrá òkè àti ti yàrá inú, àní títí dé ìwọ̀n wúrà ọ̀pá fìtílà. Kí òkúta kan tó gun orí èkejì, ilé náà ti pé pérépéré nínú àpẹẹrẹ. Baba kò rí ilé náà ní dídúró, ṣùgbọ́n ọmọ kò ní láti méfò ohun tí baba rẹ̀ ní lọ́kàn.

Ní Ẹ́kísódù orí 35 ẹ̀wẹ̀, a gbọ́ nípa Bésálélì ti ẹ̀yà Júdà, ẹni tí Olúwa fi ọgbọ́n gbogbo onírúurú iṣẹ́ ọnà fún. Ẹ kíyèsí ẹsẹ 34 gidigidi, nítorí níbẹ̀ ni kókó ẹ̀kọ́ wa wà. Kì í ṣe agbára àtiṣe iṣẹ́ nìkan ni a fi fún un. A fi í sí i lọ́kàn pẹ̀lú kí ó máa kọ́ ẹlòmíràn, òun àti Áhólíábù ti ẹ̀yà Dánì. Ẹ̀bùn méjì ni èyí. Ẹni tí ó ní ti àkọ́kọ́ tí kò ní èkejì, ọjọ́ tí òun bá kú ni iṣẹ́ rẹ̀ kú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni a óò fi wọn gbogbo ohun tí a óò sọ lẹ́yìn èyí.

II. Àwọn ọ̀gá tí ó ti òkè òkun padà wá sílé

Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí a kà sí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni ilé àlùfáà tí Ìjọ wa kọ́ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1845, ní ìgbà Àlùfáà C. A. Gollmer. Ní ọdún kan náà ni Gollmer, Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, tí wọ́n ń dúró de ìgbà tí ọ̀nà Abẹ́òkúta yóò là. Nítorí náà iṣẹ́ ìyìn rere àti iṣẹ́ ilé kíkọ́ jọ wọ ilẹ̀ wa ni.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó sọ Èkó di ìlú tí ojú ń rí tí ó ń wu ojú ni àwọn Àgùdà, àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl àti Kúbà, tí wọ́n padà wá sílé pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, ní agbègbè Campos Square, ní Erékùṣù Èkó. Ògiri wọn nípọn, ó sì ní ìrẹ́pọ́. Fèrèsé wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè ní òkè. Wọ́n fi ọnà òdòdó àti ti ewé ṣe ojú ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n sì la ọ̀nà kan gba àárín ilé kọjá, pẹ̀lú yàrá ní ọ̀tún àti ní òsì. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé ilé àgbélé ní Ìwáyà tàbí ní Múṣin.

Orúkọ àwọn ọ̀gá wọn kò gbọdọ̀ ṣègbé. Lazaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ni àwọn ọ̀gá bíríkìlà tí ó kọ́ ilé ìsìn Holy Cross àtijọ́ ti Ìjọ Àgùdà, ní nǹkan bí ọdún 1880. Ilé mìíràn ni ó dúró níbẹ̀ nísinsìnyí. João Baptista da Costa ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, ọdún 1894, níwájú Gómìnà Gilbert Carter. Ọmọ Àgùdà ni da Costa, Kìrìsìtẹ́nì ni. Ẹni tí ó sì ràn án lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà ni Sanusi Aka, Mùsùlùmí. Ọ̀gá kò béèrè irú ìsìn tí ọmọ iṣẹ́ ń ṣe kí ó tó fi okùn ìwọ̀n lé e lọ́wọ́. Bí Bésálélì ti ẹ̀yà Júdà ti jókòó ti Áhólíábù ti ẹ̀yà Dánì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe.

Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan fún iṣẹ́ wọn. Ojú ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọwọ́ ni wọ́n sì fi gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe rò pé ti àwọn òyìnbó yàtọ̀ púpọ̀ ní ìgbà náà. Kí a tó sọ̀rọ̀ ọmọ Èkó tí ó rékọjá òkun lọ kọ́ iṣẹ́ yìí, ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ti ń kọ́ ọ lọ́hùn-ún.

III. Ilé iṣẹ́ kan ní ìlú kékeré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ṣáájú èyí tí ó kọjá, ẹni tí ó bá fẹ́ di ayàwòrán ilé níláti lọ gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá. Baba ọmọ àti ọ̀gá yóò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Baba yóò san owó, ọmọ yóò sì máa bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Yóò kọ́kọ́ máa da àwòrán ọ̀gá kọ, láì fi tirẹ̀ kún un. Lẹ́yìn náà a óò mú un lọ wọn ilẹ̀, a óò mú un lọ wo ilé tí a ń kọ́ lọ́wọ́, a óò sì jẹ́ kí ó fa ohun kékeré, bí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé. Àwọn tí ó ti rán ọmọ wọn lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ tàbí iṣẹ́ káfíńtà ní Yábàá mọ ọ̀nà yìí dáadáa, títí dé ọjọ́ tí ọmọ yóò gba òmìnira.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ní ìlú Lancaster, ní ìhà àríwá, tí ó jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù, Edmund Sharpe ṣí ilé iṣẹ́ ayàwòrán ilé ní ọdún 1835. Ní ọdún 1838, ó gba ọmọ iṣẹ́ kan, Edward Graham Paley, ọmọ àlùfáà, ọmọ-ọmọ William Paley, ẹni tí àwọn olùkọ́ àtijọ́ mọ̀ nítorí ìwé tí ó kọ láti gbèjà ìgbàgbọ́. Ní ọdún 1845, ọmọ iṣẹ́ di alájọṣe ọ̀gá rẹ̀. Ní ọdún 1851, Sharpe fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un pátápátá. Ní ọdún 1868, Paley mú Hubert Austin wọlé. Ọmọ àlùfáà ni òun náà. Ní ọdún 1886, Harry, ọmọ Paley, darapọ̀ mọ́ wọn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà fi parí ní ọdún 1944, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ti ń fa àwòrán ilé ìsìn fún Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ní agbègbè náà, fún ìlú ńlá àti fún abúlé.

Wọn kò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí ilẹ̀ tiwọn mú jáde. Ní Lever Bridge, lẹ́bàá ìlú Bolton, ọkọ tàbí arákùnrin ìyàwó kì í ṣe ohun kékeré fún ọlọ́gbọ́n: àna Sharpe kan ní ibi ìwakùsà èédú, amọ̀ sì ń jáde níbẹ̀ pẹ̀lú èédú. Sharpe sun amọ̀ náà bí ìkòkò, ó sì fi í kọ́ ilé ìsìn St Stephen, láàárín ọdún 1842 àti 1845. Ẹ kò gbọdọ̀ rò pé ìlú ńlá tàbí owó ńlá ni ó mú kí ilé iṣẹ́ yìí pẹ́. Ohun tí ó mú un pẹ́ ni pé kò sí ìgbà kan, fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ọ̀gá kò ní ẹni tí ó jókòó tì í, tí ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

IV. Ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù wa

Bí ti Lancaster ti rí, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn tiwa bẹ̀rẹ̀ láti ilé àlùfáà. A bí Herbert Macaulay ní Èkó ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá, ọdún 1864. Baba rẹ̀ ni Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1859. Ìyá rẹ̀ ni Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Òṣèlú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, àwòrán rẹ̀ sì wà lórí owó bébà náírà kan nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ fi ṣe oúnjẹ òòjọ́ ni ti wíwọn ilẹ̀ àti ti yíya àwòrán ilé.

Lẹ́yìn tí ó ti ṣe akọ̀wé ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba ní Èkó, ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní ọdún 1890. Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù ni ó jókòó sí láti kọ́ iṣẹ́. Plymouth ni, ìlú etí òkun ní ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dọ̀ G. D. Bellamy, ẹni tí ń wọn ilẹ̀ tí ó sì ń bójú tó omi fún ìlú náà. Ìlú tí ó wà létí omi, tí omi mímu àti omi ìdọ̀tí jẹ́ ìṣòro rẹ̀: ta ni kò rí i pé ibẹ̀ yẹ fún ọmọ Èkó láti kọ́ iṣẹ́?

Nígbà tí ó padà dé, ìjọba fi í ṣe awọnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ọba. Ní ọdún 1898, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ, ó sì ṣí iṣẹ́ tirẹ̀. Lára àwọn ilé tí ó ya àwòrán wọn tàbí tí ó díye lé ni ilé Henry Carr ní Tinúubú, àti Doherty Villa ní Campos Square, ní àárín àwọn Àgùdà gan-an. Báyìí ni ọgbọ́n tí ó ti Plymouth wá àti ọgbọ́n tí ó ti Bràsíl wá pàdé ní ìgboro kan.

Ẹ̀kọ́ wíwọn ilẹ̀ kò mọ sí orí ilé nìkan. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, Olóyè Amódù Tíjánì Olúwa gbé ẹjọ́ náà títí dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Macaulay bá a lọ ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921, àwọn adájọ́ dá ẹjọ́ náà sí ìhà Olóyè Olúwa, wọ́n ní ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn ará ìlú, ó sì yẹ kí ìjọba san owó rẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ó mọ ààlà ilẹ̀ lórí ìwé lè gbèjà ilẹ̀ níwájú adájọ́. Ẹ̀yin ará Ìwáyà, ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dá sílẹ̀ láàárín ẹbí àti ẹbí, ẹ kò nílò kí a túmọ̀ èyí.

V. Kàtídírà wa ní Máríńà

Ilé tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Ìjọ wo dáadáa ni Kàtídírà ti Kírísítì ní Máríńà. Ní ọdún 1867 ni a fi ìpìlẹ̀ ilé ìsìn àkọ́kọ́ lélẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, ilé náà kò tó mọ́. Ẹni tí ó ya àwòrán èyí tí a ń lò nísinsìnyí ni Bagan Benjamin. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1924. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin, ọdún 1925, ọmọ Ọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó di Edward Kẹjọ lẹ́yìn náà, fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ọdún 1946 ni a tó parí rẹ̀.

Ẹ ronú lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méjìlélógún wọ̀nyí. Ọ̀wọ́n owó gba ayé kan ní nǹkan bí ọdún 1930. Ogun ńlá kejì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1939. Ní ìgbà Bíṣọ́ọ̀bù Melville Jones ni a bẹ̀rẹ̀, ní ìgbà Bíṣọ́ọ̀bù Vining ni a parí. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá tí ó dá owó nígbà ìpìlẹ̀ kò sí láyé mọ́ nígbà ìyàsímímọ́. Kí ni ó so ọwọ́ àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọwọ́ àwọn tí ó parí? Lẹ́yìn oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run, àwòrán ni. Ìjọ tí ó ní àwòrán lè sinmi nígbà tí owó bá tán, kí ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ láì ṣìnà. Ìjọ tí gbogbo èrò rẹ̀ wà lórí ẹnu bíríkìlà kan, bí bíríkìlà náà bá kó lọ, ohun gbogbo di títún bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1946 yìí kan náà, ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, ni Herbert Macaulay kú. Ní ọdún 1976 a gbé egungun Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, bàbá rẹ̀ àgbà, wá sínú Kàtídírà náà.

VI. Láti Yábàá dé òmìnira

Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ilé tí ó há mọ́ra, tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, ni àrùn náà fẹ́ràn. Èyí ni ó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìlú Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1928, ìgbìmọ̀ tí ó la ojú ọ̀nà títọ́ ní Yábàá, tí ó sì pín ilẹ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti Yábàá wọ Ìwáyà lónìí yóò mọ ibi tí okùn ìwọ̀n parí sí. Àwòrán ni ó wà ṣáájú ilé lọ́hùn-ún; ní ọ̀dọ̀ wa, ilé ni ó ṣáájú, ọ̀nà sì ń wá ibi tí yóò gbà.

Lẹ́yìn ogun, àwọn ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Maxwell Fry, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Liverpool, àti Jane Drew aya rẹ̀, ni ó ya ọ̀pọ̀ ilé Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú ògiri oníhò tí ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé kí oòrùn sì dúró lóde. Àwọn ọmọ wa náà kò sùn. Olúwọlé Olúmúyìíwá, tí a bí ní ọdún 1929, kẹ́kọ̀ọ́ ní Manchester, ó padà wá ṣí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní Èkó, ó sì wà lára àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ Àwọn Ayàwòrán Ilé Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, ọdún 1960, oṣù mẹ́fà ṣáájú òmìnira. Ní ọdún 1969, òfin fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ nìkan ni ó lè pe ara rẹ̀ ní ayàwòrán ilé.

VII. Ohun tí ojú wa ti rí

Nísinsìnyí a dé ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti kan ẹ̀mí ènìyàn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, ọdún 2019, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan wó ní Ìta Fájì, ní Erékùṣù Èkó. Ilé gbígbé ni, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ wà ní òkè rẹ̀, àwọn ọmọdé sì wà nínú kíláàsì. Ó tó ogún ènìyàn tí ó kú. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, ọdún 2021, ilé alájà mọ́kànlélógún tí a ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí. Àwọn tí ó kú lé ní ogójì. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wá oúnjẹ òòjọ́ pọ̀ nínú wọn.

Ilé kì í ṣàdédé wó. Ìpìlẹ̀ tí a ṣe fún àjà méjì kò lè ru mẹ́rin. Kọnkéré tí iyanrìn rẹ̀ pọ̀ jù, tí símẹ́ǹtì rẹ̀ kò tó, dà bí ẹ̀kọ tí kò dì. Irin tín-ín-rín kò lè ṣe iṣẹ́ irin nípọn. Ilẹ̀ etí ọ̀sà, tí ó jẹ́ ẹrẹ̀ ní ìsàlẹ̀, máa ń rì díẹ̀díẹ̀. Bí apá kan ilé bá rì ju apá kejì lọ, ògiri yóò là. Nítorí náà ni ọlọ́gbọ́n fi ń kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ wò kí ó mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá kí òun tẹ́ ìpìlẹ̀ fẹ̀ ní gbogbo abẹ́ ilé, tàbí kí òun ri òpó wọ inú ilẹ̀ títí yóò fi kan ibi líle. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn aláìmọ̀wé nìkan ni omi ọ̀sà ń dán wò. Ní Mákòkó, ní ìtòsí wa yìí, Kúnlé Adéyẹmí, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, ya ilé ẹ̀kọ́ kan tí ń léfòó lórí omi. Igi ni a fi ṣe é, lórí àgbá oníke 256, ó sì dúró ní ọdún 2013. Gbogbo ayé yìn ín, ìyìn náà sì tọ́, nítorí ó wo àwọn ọmọ tí ẹlòmíràn kò wò. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2016, ó gba ẹ̀bùn ńlá ní Venice nítorí iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà, ọdún kan náà, òjò ńlá dé, ilé náà sì wó. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí kankan kò bá a lọ. Ìyìn kì í dá ìjì dúró. Ilé tí ó wà lórí omi ń béèrè ìtọ́jú lójoojúmọ́, lẹ́yìn tí ẹni tí ó yà á ti lọ. Níbí náà, a padà bọ́ sórí Ẹ́kísódù 35: ta ni a kọ́ láti máa tọ́jú rẹ̀?

Ìparun mìíràn wà tí kì í pa ènìyàn, ṣùgbọ́n tí ó ń pa ìrántí. Ní Tinúubú ni ilé Fernandez wà, tí a mọ̀ sí Ilojo Bar, ọ̀kan nínú àwọn ilé Àgùdà tí ó pẹ́ jù, tí a kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1855. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016, ọjọ́ Ìsinmi, a wó o lulẹ̀. Ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ bí àwọn Àgùdà ti ń tẹ òkè fèrèsé kò lè kọ́ ọ níbẹ̀ mọ́. Ilé àtijọ́ jẹ́ ìwé. Ẹni tí ó wó o ti fa ojú ìwé ya.

VIII. Kí ni kí a ṣe?

Èkínní, kí ìjọ kankan má ṣe gbẹ́ ìpìlẹ̀ láìsí àwòrán tí ẹni tí òfin mọ̀ fọwọ́ sí, àti láìsí ìwé àṣẹ ìjọba. Ẹ kà Lúùkù 14:28-30. Olúwa wa kò bá ọkùnrin náà wí nítorí pé ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́. Ó fi í hàn bí ẹni tí kò jókòó kọ́kọ́ ṣírò. Owó ayàwòrán ni owó jíjókòó yẹn.

Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé àjà kún àjà lórí ìpìlẹ̀ àtijọ́ láì jẹ́ kí ẹni tí ó mọ agbára ilé yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kà Diutarónómì 22:8. Òfin náà sọ pé kí onílé ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá ṣubú má baà wá sórí ilé rẹ̀. Bí Ọlọ́run bá ka ẹni kan tí ó jábọ́ láti òrùlé sí onílé lọ́rùn, kí ni kí a sọ nípa ilé tí ó wó lu ìdílé mẹ́wàá? Ayálégbé kò mọ irú irin tí ó wà nínú òpó. Onílé ni ó mọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan tọ́jú àwòrán ilé rẹ̀ sínú àpótí, pẹ̀lú ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìrìbọmi. A ti rí ibi tí a ti fọ́ ògiri mẹ́ta kí a tó rí ibi tí ọ̀pá omi gbà kọjá, nítorí pé ìwé ti sọnù.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn olùkọ́ wo inú kíláàsì wọn. Ọmọ tí ń ya ilé sí ẹ̀yìn ìwé ìṣírò, ẹ má ṣe kàn nà án kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ gíga ti Yábàá, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, àti Yunifásítì Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, kò jìnnà ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ sí wa. A ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní àwọn méjèèjì. Bí ìjọ kan bá lè ran ọmọ kan lọ́wọ́, ó ti ṣe ohun tí Sharpe ṣe fún Paley, àti ohun tí Bellamy ṣe fún Macaulay.

A béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ bóyá òtítọ́ ni pé bíríkìlà mọ iṣẹ́ náà tán. Ìdáhùn wa nìyí. Àwọn ọ̀gá bíríkìlà Àgùdà mọ iṣẹ́ wọn, nítorí pé ọ̀gá ni ó kọ́ wọn ní àwòrán àti ní ìwọ̀n, kì í ṣe ní pípo símẹ́ǹtì nìkan. Bíríkìlà tí a kò kọ́ ní èyí, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ bí kò bá mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bi tiwa ni bí a bá di ẹrù ẹni méjì lé e lórí.

Àwọn ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́

1. Ẹ̀bùn méjì wo ni Olúwa fi fún Bésálélì? Èwo nínú méjèèjì ni ó ṣọ̀wọ́n jù láàárín wa?

2. Kí ni ó mú kí ilé iṣẹ́ Lancaster pẹ́ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ? Iṣẹ́ wo ní Ìwáyà ni ẹ mọ̀ tí ó ti kú pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀?

3. Níbo ni àwòrán ilé ìsìn wa wà? Ta ni ó rí i kẹ́yìn?

4. Bí onílé kan nínú ìjọ bá ń gbé àjà kẹta lé ìpìlẹ̀ àjà kan, iṣẹ́ ta ni láti bá a sọ̀rọ̀, báwo ni kí ó sì ṣe sọ ọ́?

Kí Olúwa, ẹni tí ó fi àpẹẹrẹ ilé mímọ́ lé Dáfídì lọ́wọ́, fún àwọn tí ń kọ́lé láàárín wa ní ọgbọ́n àti ìbẹ̀rù rẹ̀. Kí ó sì pa gbogbo ẹni tí ó sùn sábẹ́ òrùlé ní Ìwáyà mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àmín.